Àlejò Tó Ní Káàdì Ìdìbò

Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò kẹ́yìn ní Ouaga, olú ìlú Burkina Faso, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta sípíà páàtì alùpùpù ní àdúgbò Gounghin. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò ò jìnnà sí mi, ó sì dá páropáro. Ọ̀dọ̀ mi lèrò wà, wọ́n ń ná táyà, wọ́n ń bú ìjọba. Inú bí mi. Mo ní àwọn ọ̀lẹ tí kò lọ dìbò ló ba ìlú jẹ́.

Oníbàárà kan ní, "Alájì, ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ní àlejò ni mí. Irọ́ ni. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, káàdì ìdìbò mi sì wà lápò mi.

Ní báyìí, àwọn ológun ti gba ìjọba, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tá a tún máa dìbò. Káàdì náà ni mo fi ń ha gírísì kúrò lórí káńtà.