Ìbéèrè Tí Àǹtí Àpótí Fò Dá

Bí ẹ bá dé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú, tí ẹ ní nọ́ọ̀sì àgbà lẹ ń wá, wọ́n lè máa wò yín duu. Ẹ ṣáà ti béèrè Àǹtí Àpótí. Kíá ni wọ́n á nawọ́ sí i fún yín.

Àpótí kékeré kan báyìí, tí kò ga tó orúnkún, ló máa ń há sí abíyá káàkiri wọ́ọ̀dù. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló kàn án fún un, ọkùnrin náà kì í sì í jẹ́ kó gbádùn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Á ní, "Ìwọ tí o ń jókòó gbọ́ ti gbogbo ayé, ìdúró lo máa ń gbọ́ tèmi nínú ilé yìí." Ó sì ń parọ́ o, torí obìnrin náà ń gbọ́ tirẹ̀ dáadáa, kò kàn ń dá a lóhùn ni.

Kì í ṣe pé ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àpótí. Láyé ìgbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ìdúró ló máa ń wà, fáìlì lápá, bírò lọ́wọ́, á máa da ìbéèrè bo èèyàn lórí. Àfi lọ́jọ́ tí ìyá àgbàlagbà kan gbójú sókè wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, tó ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, kí ni wọ́n ní mo jí?" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í délé. Láti ìgbà yẹn ló ti ń jókòó bí ó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò, ibi tó rẹlẹ̀ ju ti aláìsàn ló sì máa ń jókòó sí.

Ohun tó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń sunkún. Ó ní bí aláìsàn bá dákẹ́, kí wọ́n bá a dákẹ́, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo náà bí ẹni ń dí ihò eku. Èyí tó wá ń tẹnu mọ́ jù ni pé ìkíni kì í ṣe ìbéèrè. "Ẹ bá sọ pé báwo lara yín, a dúpẹ́ ni wọ́n á sọ. Ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀ náà á ní a dúpẹ́. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ ló ń dá yín lóhùn yẹn, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Òun gan-an ló wá gbàgbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń bọ̀.

Bàbá Télọ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, ló mú un wá nígbà tí kò jẹun mọ́, tí kò jáde nínú yàrá mọ́, tó kàn ń dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri lọ́sàn-án gangan. Àǹtí Àpótí ló gbà á wọlé. Bàbá náà jọ bàbá tó bí i lọ́mọ bí ìmumu, títí kan bó ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ó tó bi í ní ohunkóhun, Bàbá ti ń ṣàdúrà fún un, pé kò ní ṣiṣẹ́ àṣekú, pé àwọn ọmọ rẹ̀ á tọ́jú rẹ̀ dalẹ́. Ta ni kò ní ṣe àmín?

Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Ó bi í ní mẹ́tàlélógún. Ìkẹrìnlélógún ni èyí tó ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Àǹtí Àpótí gbójú sókè, Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé irú ẹnu wo lòun máa fi bi bàbá tó tó bàbá òun ní irú ọ̀rọ̀ yìí? Ó fa ìlà sábẹ́ "rárá", ó pa fáìlì dé, wọ́n sì mú Bàbá lọ sí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejìlá, Bàbá ti ń jẹun. Ó ń kí gbogbo èèyàn, ó ń dápàárá. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ní kí wọ́n máa mú un lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ti gbàyè níbi iṣẹ́, ó ti dé pẹ̀lú báàgì tó fẹ́ kó ẹrù Bàbá sí.

Àǹtí Àpótí ń kọjá lọ láàárín wọ́ọ̀dù nígbà tó rí Kọ̀ńdọ́, ẹni tó máa ń gba owó ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kí àìsàn tó dé sí i. Kọ̀ńdọ́ wọ awò ojú, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Kọ̀ńdọ́, awò ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, Àǹtí. Bàbá Télọ̀ ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Wọ́n ní àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Àṣé ọwọ́ mi dọ̀tí tó báyìí, ẹ ò sì sọ fún mi."

Àǹtí Àpótí rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta ó dúró. Télọ̀ ni o, tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìsí awò. Kí ló wá fẹ́ máa fi ríran bó bá délé?

Ó yíjú padà, ó lọ ṣí fáìlì. Ó rí ìlà tó fà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ti fa tiwọn sábẹ́ "rárá" ní ìgbà mọ́kànlá. Wọ́n rí i pé ọ̀gá ti fà á, àwọn náà sì ń fà á lọ.

Ó bá dókítà nídìí tábìlì, bírò ti wà lórí ìwé tó fẹ́ fi ọwọ́ sí. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ààbọ̀ wákàtí sí i."

"Kí ló dé, Àǹtí? Rárá ni Bàbá ń sọ látọjọ́ tí wọ́n ti dé."

"Àwa la ń sọ ọ́. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀, mi ò bi wọ́n."

Dókítà wò ó lójú, ó gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ Bàbá, tó ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, dìde pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín wọlé, nítorí wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń bá wọn dáhùn."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ dúró síbí nìyẹn, àbúrò mi. Ẹ má bínú."

Bàbá ti wọṣọ tán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora tó ti ká sílẹ̀ gún régé bí èyí tó wà ní ìsọ̀. Bó ṣe rí Àǹtí Àpótí tó gbé àpótí kalẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Bí o ṣe tọ́jú mi yìí, ìwọ náà á rí ẹni—"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná."

Láyé rẹ̀, kò dá àgbàlagbà dúró lẹ́nu àdúrà rí. Ọwọ́ Bàbá dúró lókè.

"Ìbéèrè kan wà tí mi ò bi yín lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ojú yín ni mò ń wò, ojú sì tì mí. Mo wá kọ ohun tí ẹ ò sọ. Kì í ṣe pé mo rí yín fín, Bàbá, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ bi yín lónìí. Ṣé ẹ ń rò ó láti fọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín?"

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Fáànù ń yí lókè orí wọn, ó ń dún kẹẹ. Orúnkún ń ro Àǹtí Àpótí, àmọ́ kò mira. Ó ń bá Bàbá dákẹ́.

"Mo mọ̀wé kà, ọmọ mi," ni Bàbá wí nígbà tó yá. "Mo rí ìbéèrè náà níbi tó wà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní bí o bá bi mí, màá sọ. Mo wá rí i pé ojú ń tì ẹ́. Mo rí i tí o fa ìlà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n má dààmú ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹ̀rù ba Àǹtí Àpótí, ojú sì tún tì í, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. "Mo ti wá bi yín báyìí, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀la ni mo fi sí, bí ọmọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ibi yìí la máa ti pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", ẹnu Bàbá á sì pa dé títí láé. Àǹtí Àpótí kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Kí ló dé, sà?"

Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Wọ́n ń gbọ̀n. "Láti ọdún tó kọjá ni wọn ò ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Mo gé aṣọ ìyàwó bàjẹ́, mo parọ́ pé eku ló jẹ ẹ́. Mo ti ìsọ̀ pa. Ní báyìí, ọmọ mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo ń rí i lójú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó sinmi ni."

"Ọmọ yín wà níta, Bàbá. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́yìn yín, mi ò sì lè bá yín bò ó. Ṣé kí n sọ ọ́ níṣojú yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́?"

Bàbá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Pè é wọlé."

Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Nítorí bọ́tìnnì, Bàbá mi?" ló ń sọ ṣáá, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn mú. "Ìgbà tí mo bá ń de bọ́tìnnì yín nìkan lẹ máa ń jẹ́ kí n sún mọ́ yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń jí láràárọ̀."

Bàbá kò lọ sílé lọ́jọ́ náà. Dókítà kó ìwé rẹ̀ padà, ó ní àwọn máa yí oògùn rẹ̀ padà, àwọn á sì ní kí ẹni tó mọ̀ nípa iṣan wá wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn. Àǹtí Àpótí pe àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ jọ sídìí fáìlì. Níṣojú wọn, ó fagi lé ìlà tó fà, ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gbàgàdà. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Èmi ni mo ṣe é." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń kí àwọn aláìsàn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì bó ṣe máa ń ṣe. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo lara yín?"

Bàbá lanu. A dúpẹ́ ti dé ètè rẹ̀, Àǹtí Àpótí fojú rí i níbẹ̀. Bàbá pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Kò dáa, ọmọ mi," ló wí. "Gbé àpótí rẹ wá."

Ó gbé e wá, ó jókòó.