Kókó inú etí mi àti àwọn dókítà ilé wa

Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ eléyìí, nítorí èmi ò mọ̀wé.

Ó ti lé lọ́dún kan tí etí ọ̀tún mi ti dí. Gbogbo ará ilé wa ní àdúgbò Tokoin Wuiti ló ń sọ pé ìdọ̀tí ló dí i. Lónìí, mo dá lọ sí ọsibítù.

Dókítà tanná sí i. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ti fi sínú etí yìí?"

Mo ní, "Bi mí ní ohun tí wọn ò tíì fi sí i." Aládùúgbò da epo àgbọn sí i. Ìyàwó ọmọ mi fún omi ọyàn sí i. Múfú, àkọ́bí mi, fi ìyẹ́ adìyẹ tú u kiri.

Dókítà ní kókó ni, pé ibi tí òógùn ti ń sun nínú ihò etí ló ti hù. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ló bá pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n ń wò mí bí ìyàwó tuntun.

Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa gé e, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni. Mo ní kó gé e.

Mo délé, Múfú gbọ́, ó fò sókè: "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣèpàdé ẹbí!"

"Ṣé ẹ ṣèpàdé kí o tó ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ mí létí?"



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ta ló jẹ̀bi? Ẹ sọ ọ́, etí òsì ṣì ń gbọ́.

Ràfíátù, pe àbúrò mi tó ń gbé ní Avépozo. Etí tirẹ̀ náà ti ń dí. Ní kó tètè lọ sí ọsibítù, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.