Ẹja Tí Kò Fẹ́ Omi Tó Dúró

Òórùn òkúta tútù ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa ní Cheverly nílùú òyìnbó níbí, lọ́dún tí màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Àpótí onígíláàsì tí ọmọbìnrin mi ń sin ẹja sí ló fà á. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní lóòṣì ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó pẹlẹbẹ, inú odò olókùúta tó ń sáré ló ti wá. Bí omi bá dúró, kò ní lè mí. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan fi ń ti omi kiri tọ̀sán-tòru, tí ẹja mẹ́ta náà á sì lẹ̀ mọ́ òkúta wọn pinpin. Odidi ọdún kan lọmọ náà fi bẹ̀ wá ká tó gbà fún un.

Ọ̀rẹ́ mi, Màámi kò lè rí iná kó má pa á. "A kì í fi iná sílẹ̀ jáde nílé," ló máa ń wí, á sì tẹ bọ́tìnnì ẹ̀sténṣọ̀n tí ẹ̀rọ ẹja wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá omi ní dídúró. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, mo lẹ bébà mọ́ bọ́tìnnì náà: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PA Á. Ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, omi ti pa rọ́rọ́. Àwọn ẹja ti kúrò lára òkúta, wọ́n ń lanu gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Mo tan ẹ̀rọ náà, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ọmọ mi bú sẹ́kún. "Grandma, why?"

Inú bí mi débi tí mo gbàgbé ara mi. "Màámi, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́?"

Màámi bọ́ gèlè, ó mú kọ́ọ̀bù, ó ń bu omi náà, ó ń dà á padà láti òkè, bó ṣe máa ń da tíì gbígbóná láti kọ́ọ̀bù dé kọ́ọ̀bù kó lè tutù fún wa ní kékeré.

Mo wakọ̀ lọ ra ẹ̀rọ tuntun, mo ń kùn lọ lójú títì. Níbi iná pupa kan ni mo ti rántí. Màámi àti ọmọ mi ti wà nínú mọ́tò láàárọ̀ nígbà tí mo sáré padà wọlé lọ mú Bíbélì. Mo pa iná kíṣìnì, mo pa fáànù, mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀sténṣọ̀n, mo tilẹ̀kùn. Orí bébà tí èmi fúnra mi kọ ni mo ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi náà ti ń bu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn méjèèjì ti rin. Ẹja méjì ti padà sára òkúta. Ọ̀kan ti kú. Mo kúnlẹ̀. "Màámi, èmi ni mo pa á."

"Mo mọ̀," ló wí, kò dáwọ́ dúró. "Ta ló kọ́ ọ? Gbé ẹ̀rọ náà wá."

Màámi ti padà sílé. Títí di òní, bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi á lọ dúró ti ẹ̀sténṣọ̀n yẹn, á máa ṣọ́ ọwọ́ mi. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ọwọ́ tó ń pa iná ni mo jogún lára ìyá mi. Sùúrù rẹ̀ kò tíì kàn mí.