Ta Lẹ Ń Wá?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní oríkunkun, ẹ wá bá bàbá mi gbélé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ní Ìbarà, nílùú Abẹ́òkúta, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ilé tí wọ́n bí wọn sí kò jìnnà síbẹ̀ rárá: ẹ gba Sápọ́n, ẹ yà sí ẹ̀yìn Ìtòkú, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọdún méjì tí wọn ò ti fẹsẹ̀ tẹ ilé náà, nítorí fóònù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn kú, àwọn ọmọ olóògbé pe bàbá mi lórí fóònù láàárọ̀ kùtù, wọ́n ní Alájì ti lọ. Ìjà náà ò ju ìyẹn lọ. Lójú bàbá mi, a kì í fi fóònù tú ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹni fún ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí ẹ bu omi wá, wọ́n á sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀ kí wọ́n tó là á. Àwọn ọmọ náà ní òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílẹ̀. Nígbà tí àwọn ń wá ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ àti ẹni tí yóò wẹ òkú, ta ni àwọn ìbá rán níṣẹ́? Ẹjọ́ wọn tọ́. Ẹjọ́ bàbá mi náà tọ́. Èmi tí mo wà láàárín ni mò ń jìyà ẹjọ́ méjèèjì.

Bàbá mi ò lọ síbi ìsìnkú, wọn ò lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní, "Mi ò ní wọ ilé yẹn mọ́, àfi bí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn pè mí wọlé." Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní ta ní í pe onílé wọlé ara rẹ̀, pé ìgbà tí inú Bàbá bá rọ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Àkọ́bí wọn ti kọ́lé sí Adátán, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní Ọbáńtokò. Mo lọ sí Adátán, mo lọ sí Ọbáńtokò, mo padà wá bẹ bàbá mi nílé, títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àbíkẹ́yìn nìkan ló kù nínú ilé àtijọ́ yẹn, òun àti ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn ìjà. A ò lọ síbi ìyàwó náà. Èmi gan-an ò lọ, kí ilé tèmi lè rójú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n náà sí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dúró lójú títì kó rí sàréè ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé bàbá mi pọ̀n lọ sí ilé-kéwú, tó máa ń na ẹ̀yìn tirẹ̀ sílẹ̀ kí Áfáà lè fi pàṣán tó tọ́ sí bàbá mi nà án, bàbá mi ò tíì fojú kan ibi tó sùn sí. Ẹsẹ̀ wọn sì ti ń kọ̀. Mọ́ṣáláṣí tó dojú kọ ilé wa, ọ̀pá ni wọ́n fi ń débẹ̀ báyìí. Bí wọn ò bá wọ ilé yẹn lọ́dún yìí, mi ò mọ ìgbà tí wọn yóò tún lè wọ̀ ọ́.

Ibi tí a wà nìyí nígbà tí ọmọ àbúrò mi dé. Kánádà ni wọ́n bí i sí, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì wá sílé rí. Kò lò tó ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa tó fi ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí ìlú ká pẹ̀lú afinimọ̀nà. Ó ti rí àwọn kan lórí fóònù rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n máa mú àlejò rìn láti abẹ́ Olúmọ dé Aké. Inú bí mi. Ta ló ń háyà ẹni tí yóò mú un rìn nílùú baba rẹ̀? Mo ní èmi fúnra mi á mú un lọ. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ò mọ ìtàn rẹ̀."

Bàbá mi, tí wọ́n ti ń tòògbé lórí àga wọn, lajú. Wọ́n bi í pé ṣé wọn á gba Ìtòkú kọjá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún bi í bóyá iwájú Ìtòkú ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn náà á bá wa lọ. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́, ó rò pé ìtàn ni bàbá àgbà fẹ́ gbọ́.

Èmi mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé afinimọ̀nà ò lọ sílé ẹnì kankan, ó kàn ń kọjá lọ ni. Wọ́n fẹ́ kọjá níwájú ilé bàbá wọn, bóyá ẹnì kan á yọjú, bóyá onítọ̀hún á pè wọ́n. Mo pe afinimọ̀nà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ mú wa gba ẹ̀yìn Ìtòkú. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Mọ́mì."

Wàhálà wà. Oòrùn ti mú kí ó tó yọjú lábẹ́ Olúmọ. Ó dé fìlà olójú gígùn, ó sì gbé makirofóònù kékeré kan sẹ́nu. Àwa mẹ́ta là ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ẹ ó rò pé gbogbo ọjà Ìtòkú ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó sọ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sábẹ́ òkúta nígbà ogun, ìtàn tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ lórí, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lédè òyìnbó àti ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú bàbá mi, ó bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ ti dé Abẹ́òkúta rí?"

"Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀," ni bàbá mi wí.

Mo ní kí n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mò ń wo ẹsẹ̀ wọn ni. A sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìtòkú, ibẹ̀ ni ìrìn náà sì kú sí. Àwọn aládìrẹ pe ọmọ Kánádà, ọmọ Kánádà sì jẹ́ wọn. Ó tú kampálà, ó ká kampálà, ó fi kọ́ ọrùn, ó ya fọ́tò, ó ní àwọ̀ aró yẹn ni òun fẹ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọnà yẹn. Afinimọ̀nà gbé makirofóònù, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí aṣọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí aṣọ. Oníṣọ́ọ̀bù kan gbé àpótí fún bàbá mi kí wọ́n fi jókòó. Mo sọ fún wọn pé kí a wá mọ́tò kí a máa lọ sílé, wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ mi.

Nígbà tí ọmọ náà ra aṣọ tán, afinimọ̀nà wo aago, ó ní a ti pẹ́, àwọn àlejò mìíràn ń dúró de òun ní Aké, a ó kúkú gba ọ̀nà gbangba lọ tààrà. Mo bi í pé ẹ̀yìn Ìtòkú tí a jọ sọ ńkọ́.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ilé àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà lásán ni."

Inú makirofóònù ló ti sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Mo ní bí òun bá ti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ló dé tí òun fi gbà fún mi? Ó ń bẹ̀ mí, èmi ò sì fẹ́ ẹ̀bẹ̀, nígbà tí ọmọ náà fọwọ́ kàn mí. Àpótí oníṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Bàbá mi ti ti ọ̀pá síwájú, wọ́n ti yà sínú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé méjì, wọ́n ń lọ.

"Bàbá, ọ̀nà kọ́ nìyẹn o," ni afinimọ̀nà ń pariwo lẹ́yìn wọn.

A sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a fẹ́ bá wọn, afinimọ̀nà fi kún eré rẹ̀, ó sá kọjá lára gbogbo wa, kí ó lè ríbi dúró níwájú. Ẹnu ọ̀nà ilé náà gan-an ló dúró sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, fèrèsé onípákó rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà nígbà èwe mi. Ó gbé makirofóònù sẹ́nu, ó ní oníṣòwò Sàró kan ló kọ́ ilé náà nígbà tó dé láti òkè òkun. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, àgbẹ̀ ni, kò dé òkè òkun kankan. Bàbá mi ò já a nírọ́. Wọ́n dúró ti ọ̀pá wọn, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò.

Obìnrin kan jáde wá, ó da omi ìfọṣọ sí gọ́tà. Mo mọ̀ pé ìyàwó àbíkẹ́yìn nìyẹn. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ ń wá?"

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni gbogbo ni, kò sí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ yàrá òsì ilé yẹn ni wọ́n ti bí bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ wọ́n nílà, wọ́n wá dúró níta bí ẹni tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀. Ó dùn mí dé egungun. Mo dúró kí wọ́n dáhùn. Gbólóhùn kan péré ló kù, kí ọ̀rọ̀ ọdún méjì parí.

"A ò wá ẹnì kankan," ni bàbá mi wí. "Ìrìn là ń rìn."

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo lanu láti sọ̀rọ̀, bàbá mi sì fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ti lọ́mọ lọ́mọ, mo pa ẹnu mi dé.

Afinimọ̀nà ló bá wa dá sí i. Ó ní àlejò ni wá, òun ń mú wa wo ìlú ni. Obìnrin náà wo bàbá mi, ó rí bí òógùn ṣe ń ṣàn lójú wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin àlejò, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó, ẹ mumi. Oòrùn yìí ti pọ̀ jù fún Bàbá."

Bàbá mi yíjú sí mi. "O gbọ́ o," ni wọ́n wí. "Wọ́n pè mí."

Wọ́n sì wọlé. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀, gbogbo mọ́tò tí mo wọ̀ lọ sí Adátán, àlejò ni wọ́n kúkú fẹ́ jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n lọ́ afinimọ̀nà yẹn létí.

Sàréè náà wà lápá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lẹ táìsì funfun sí i lára. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n náà wà lára ògiri lókè rẹ̀. Bàbá mi bọ́ bàtà. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fàtíhà. Afinimọ̀nà gbé makirofóònù sẹ́nu, ó ní láyé àtijọ́, àwa Yorùbá kì í sin òkú wa jìnnà sílé. Mo gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi. Ọmọ àbúrò mi ti sọ fóònù tirẹ̀ kalẹ̀. Ó rọra bi mí pé ta ló wà níbẹ̀, mo sì sọ fún un. Ó kó aṣọ aró rẹ̀ jọ mọ́ àyà, ó dúró ti bàbá àgbà rẹ̀.

Obìnrin náà gbé omi wá. Ó rò pé àgbàlagbà olóore kan ló ń ṣe àdúà fún òkú tí kò mọ̀, ó ń ṣe àmín. Bàbá mi jókòó sórí àga àlejò, wọ́n mu omi náà tán pátá, wọ́n dá ife padà. Wọ́n wọ bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró.

"Ìyàwó, o ṣeun. O ṣeun tí o bá wa delé."

Ife wà lọ́wọ́ obìnrin náà, kò gbé e sílẹ̀. "Bàbá," ni ó wí, "'bá wa' kẹ̀?"

Bàbá mi ò yíjú padà. "O bi mí léèkan pé ta ni mò ń wá," ni wọ́n wí. "Mo ti rí wọn."

Wọ́n bọ́ síta, ọmọ náà sì di apá wọn mú. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn wọn, ó wo fọ́tò tó wà lára ògiri, ó tún wo ẹ̀yìn wọn. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ló ń sọ, "ẹ káàbọ̀, sà." Bàbá mi ti ń lọ. "Ẹ kú ilé," ni wọ́n dá a lóhùn láti ojú títì, wọn ò sì dúró.

Ó wá ku èmi lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ẹni tó kúnlẹ̀ àti ẹni tó ń lọ, níbi tí mo ti wà láti ọdún méjì. Inú ṣì ń bí mi. Obìnrin náà ń wá fóònù rẹ̀ nínú ìró, ó ní òun fẹ́ pe ọkọ òun kí ó sáré pe Bàbá.

"Má jẹ́ kó pè wọ́n," ni mo wí. "Sọ fún un kó fẹsẹ̀ wá."