Ọwọ́ Òsì Tí Wọ́n Ní Ó Ń Ba Kòkó Jẹ́

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Baálẹ̀, òórùn kòkó tó bu sì gba gbogbo inú ilé. N kò mọ ìgbà tí mo ti ọwọ́ òsì mi bọ àpò.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lóko wa ní Ìwàrà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la máa ń sá kòkó. Inú agbọ̀n kan náà la ti ń kó o. Ẹní tirẹ̀ wà lórí àpáta tó gbóná. Tèmi wà lábẹ́ igi obì, níbi tí oòrùn kì í dé. Gbogbo ìgbà ni tèmi ń bu. Yèyé, ìyá bàbá mi, á ní, "Ọwọ́ òsì tó fi ń tẹ́ ẹ ni."

Yèyé kàn ń wo ẹní méjèèjì ni. Wọn ò dán ọ̀rọ̀ wọn wò rí.

Inú bí mi. Nígbà tí Yèyé lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Iléṣà, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé ká pààrọ̀ àyè. Ọwọ́ òsì náà ni mo ṣì fi ń tẹ́ tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n dé, tèmi ti gbẹ táútáú. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti bu, ó funfun bí ẹfun.

"Yèyé, ẹ wò ó. Ibòji ló ń bà á jẹ́."

Wọ́n wo ẹní méjèèjì títí. "O ti fọwọ́ òsì yẹn kan ti ẹ̀gbọ́n ẹ náà. Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí àpáta gbígbóná náà, mo bẹ̀ ẹ́. Títí dòní, mo fẹ́ gba ẹ̀bẹ̀ yẹn padà.