Oògùn Inú Páálí àti Oògùn Inú Ìgò

Wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ ní Pobè. Mo ti darúgbó báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára, nítorí mi ò ṣe ọ̀lẹ rí láyé mi.

Láti kékeré ni wárápá ti ń gbé mi ṣánlẹ̀. Sakété ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ náà sì ni ilé ìwòsàn ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní oògùn funfun kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́. Látinú agolo ńlá ni wọ́n ti ń bù ú sínú ìgò tí mo bá mú lọ. Ẹyọ kan ni mò ń lò lálaalẹ́, bí mo bá sì ti ń lò ó déédéé, mi ò ní ṣubú. Nígbà tí mo lọ́kọ sí Pobè, ìgò mi bá mi lọ, mo sì ń gbà á níbẹ̀ náà.

Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà náà. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní bírò, ibi iṣẹ́ ìjọba, ó ń sọ Faransé bí ẹni ń mu omi. Kò dùn mọ́ ọn kí ìyàwó òun máa tò láàárín àwọn ará oko tó wá láti Issaba, kó máa na ìgò gba oògùn ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ kan tó ti Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, dé, ó gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́, ó ní oògùn wárápá gidi nìyí, ti àwọn ènìyàn pàtàkì. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ò fẹ́ kí n fi ti ìgò sílẹ̀. Ó ní oògùn ìgò yẹn ló ti ń dì mí mú láti kékeré, bẹ́ẹ̀ kíkọ̀ ohun tí ọkọ rà, àfojúdi ni. Ó wá là á: ti páálí láàárọ̀, ti ìgò lálẹ́. Ọkọ mi gbà. Ojú mi ni wọ́n ṣe parí ẹ̀, bíi pé ewúrẹ́ ni mí, tí wọ́n ń pín koríko fún. Ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn mi.

Oorun dé. Oorun wo nìyẹn! Mo ń tòògbé nídìí epo tí a ń sè, ẹsẹ̀ mi ń wọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn obìnrin ilé ní ìyàwó akọ̀wé ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́, ó ti di màdáàmù. Ọmọ mi náà ń sùn. Ṣe ni wọ́n ń yìn ín pé ó mọ̀wà hù, kì í ké. Bí mo bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á díẹ̀, á tún sùn. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo da omi tútù sí i lára, kò ké. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn.

Ọkùnrin tó ń pín oògùn bi mí pé kí ni mò ń lò. Mo gbé páálí àti ìgò kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín.

"Ohun kan náà ni méjèèjì," ó ní. "Ìlọ́po méjì lò ń lò, ọmọ rẹ sì ń mu ún nínú ọmú."

Ó fi ìka hàn mí: orúkọ gàdàgbà tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́ wà lókè páálí, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké, orúkọ oògùn náà gan-an wà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì kọ sára agolo ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n mú ẹyọ kan, kí n fi èkejì sílẹ̀, ọmọ á jí. Ṣùgbọ́n kí n má dá oògùn dúró pátápátá. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó ní mi ò bèèrè. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mi ò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ bèèrè?

Mo padà sílé, mo na páálí sí ọkọ mi, mo ní kó ka ti ìsàlẹ̀ yẹn fún mi. Ó kà á. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí ni.

"Má jẹ́ kí Ìyá gbọ́," ó ní.

Ó ní kí n máa lo ti páálí nìkan lọ, ká sọ pé ibà ló ṣe ọmọ. Kí ojú má baà ti akọ̀wé pé kò ka ohun tó fowó ara rẹ̀ rà, kí wọ́n kúkú máa pe èmi lọ́lẹ! Ó dùn mí wọ egungun.

Mo tọ ìyá rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹyìn, níṣojú àwọn obìnrin tó ń bú mi, mo sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ọkọ mi tẹ̀lé mi. Ìyá gba ọmọ náà, ó rọra ń gbá a lẹ́sẹ̀ títí ó fi lajú, tó tún pa á dé. Ó wá yíjú sí mi.

"Èwo lo fẹ́ máa lò, ìyàwó mi?"

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ mi lanu láti fèsì. Ìyá ní kó dákẹ́, èmi ni òun bi.

"Ti ìgò ni, Ìyá," mo ní. "Mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ gbà á."

Ó tó ọjọ́ ọjà kan sí èkejì. Láàárọ̀ kùtù, ọmọ mi figbe ta, ó jí gbogbo ilé. Mo jẹ́ kó ké dáadáa, kí gbogbo wọn gbọ́ ọ, kí n tó fún un lọ́mú.