Ìyá Fáìlì àti Ìjókòó Méjìdínlógún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń sọ obìnrin di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ́ káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Káfíńtà tí mò ń wí yìí ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, ó tú gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilé sínú ẹ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ló fi kàn án. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, tábìlì tí wọ́n ń ká mọ́ ara ọkọ̀ wà níbẹ̀, síńkì tó ń jò sórí bàtà ẹni náà ò gbẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Ilé-ń-rìn. Ìyàwó ẹ̀ ò sọ ọ́ ní nǹkan kan, ó kàn máa ń pòṣé tó bá ti fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ìyàwó yìí náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní ilé ìwé girama, òun ló ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí gbogbo ọmọ tó jáde níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ń pè ní Ìyá Fáìlì. Òfin kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lé: ojúlówó ìwé kì í jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Fọ́tòkópì ni wàá gbé lọ, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló rán ẹ níṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé òfin ẹ̀ wálé. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan ní yàrá, òun nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn án. Ọkọ ẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo, tó ti lọ́kọ sí òdìkejì ibodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti tú ká. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n yìí yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, eegun ìbàdí ẹ̀ sì kán. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni oníṣẹ́ abẹ eegun ń wá sí ọsibítù náà, tí ìyẹn bá sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lè má rìn mọ́. Títí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n fún un láti buwọ́lu ìwé. Ẹ̀gbọ́n yìí kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rù abẹ ń bà á, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Mi ò ní buwọ́lu nǹkan kan àfi tí mo bá fojú rí ẹ," ó sọ fún Ìyá Fáìlì lórí fóònù. "Tí o ò bá dé, kí wọ́n gbé mi lọ sílé bí mo ṣe wà."

Agídí ló pọ̀ nínú ìdílé wọn, ẹ má dá a lẹ́jọ́.

Ọkọ̀ èrò ni Ìyá Fáìlì fẹ́ wọ̀. Káfíńtà ní rárá o, kí ni Ilé-ń-rìn wà fún? Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọsibítù làwọn máa páàkì sí, kò ní sí pé ìyàwó òun ń sùn sórí ẹní láàárín àwọn aláìsàn. Ohun tó sọ dáa, òun gan-an ló mú kí inú túbọ̀ máa bí obìnrin náà, torí kò rí ohun tó máa fi ta kò ó. Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìrìn àjò yẹn. Gbogbo ibi tí títì bá ti ní kòtò ni ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣí, tí abọ́ á sì ya lulẹ̀. Káfíńtà á páàkì, á sọ̀ kalẹ̀, á yẹ ìṣó wò, á ní, "Kò sí wàhálà." Lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá, á tún páàkì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ń kọjá wọn. Gbogbo ìgbà ni Ìyá Fáìlì ń wo aago, ó sì ń ka iye wákàtí tó kù sínú. Wọ́n sùn sí ilé epo kan lójú ọ̀nà, ìgbà tó fi máa di aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n ti dé ibodè. Wákàtí mẹ́rin ló kù kí wọ́n dé ọsibítù. Ara ẹ̀ wá balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ gíláàsì, kò sì gbọ́ ju Faransé lọ. Obìnrin aṣọ́bodè kan tó gbọ́ èdè wọn ló ń túmọ̀. Káfíńtà ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó ní òun gbọ́ ariwo kan. Ọ̀gá gba ìwé ọkọ̀, ó kà á, ó wọnú ọkọ̀, ó jáde, ó tún kà á.

"Màmá," ni obìnrin náà ní, "ọ̀gá ní ìjókòó méjìdínlógún ló wà nínú ìwé yín. Méjì ni àwọn rí. Mẹ́rìndínlógún yòókù dà?"

Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣé òun ni wọ́n fẹ́ fi ìwé mú? Ó ṣí fáìlì ẹ̀, ó yọ ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wọn láti yí ọkọ̀ náà padà, ó mọ́ tónítóní nínú ọ̀rá ẹ̀. Ọ̀gá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú òǹtẹ̀ ẹ̀. Ó mi orí.

"Fọ́tòkópì nìyí, màmá. Ojúlówó ẹ̀ dà?"

"Ó wà nílé."

"Kí ló ń ṣe nílé?"

Ìyá Fáìlì pa fáìlì ẹ̀ dé. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun ló máa ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè, kò sẹ́ni tó bi í nírú èyí rí. Obìnrin náà ní ọ̀gá ò lè gba fọ́tòkópì. Kí wọ́n mú ojúlówó wá, tàbí kí ìjókòó inú ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu, tàbí kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí ìlú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti gbéra láfẹ̀mọ́júmọ́, ó di ọ̀la kí òmíràn tó lọ.

Ìgbà yẹn ni Káfíńtà yọrí lábẹ́ ọkọ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ìjókòó ò pé," Ìyá Fáìlì dáhùn. "Àwọn tí ẹ tú dànù. Ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?"

"Ìwé àṣẹ tí a gbà ńkọ́?"

"Wọn ò gbà á."

Kò purọ́. Àmọ́ ó mọ ohun tó fi pa mọ́, ó sì mọ ìdí tó fi pa á mọ́. Ojú ló ń tì í.

Káfíńtà gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù. Ó wọnú ọkọ̀, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì tí òun fúnra ẹ̀ fín òdòdó sí ibi ìgbórílé ẹ̀, tó fi pákó tó ti ń fi pa mọ́ láti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kàn. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù.

Bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ tú. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú tábìlì. Ó gé pákó, ó wọ̀n ọ́n, ó kàn án. Ìyá Fáìlì di ìṣó mú fún un, kò lè wo ojú ẹ̀. Bẹ́ńṣì mẹ́rin ló kàn, èèyàn mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ọ̀gá onígíláàsì wọlé, ó jókòó lórí gbogbo ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kà á. Ó dé orí bẹ́ńṣì kẹta, bẹ́ńṣì náà mì, ó ní kí wọ́n tún un kàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Aago méjìlá ti kọjá dáadáa kó tó lu òǹtẹ̀.

Káfíńtà ń súfèé bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìyá Fáìlì ò dákẹ́ lójú ọ̀nà: ẹ ń sáré jù, ẹ ń rọra jù, ẹ ò rí kòtò yẹn ni? Inú ara ẹ̀ ló ń bí i, ọkọ ẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù nígbà tó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí ti ara, ó pa ẹnu pọ̀. Ìwé wà lórí dúróà, nọ́ọ̀sì dúró tì í pẹ̀lú bíró.

"O pẹ́," ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní.

Ìyá Fáìlì bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo ẹ̀ jáde, fọ́tòkópì, bẹ́ńṣì, ọ̀gá onígíláàsì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti mú bíró. Ó dúró.

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Sọ kí ni, àǹtí mi?"

"Pé ìwọ lo fi ìwé sílé." Ó gbé bíró sílẹ̀. "Lọ sọ fún un kó o tó padà wá. Ìwọ lo máa dì mí lọ́wọ́ mú láàárọ̀ ọ̀la, mi ò fẹ́ kó o gbé irọ́ dání."

"Àǹtí mi, aago márùn-ún—"

"Yára, nígbà náà."

Nọ́ọ̀sì wo aago. Ìyá Fáìlì sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń bínú sí ẹ̀gbọ́n, ó ń bínú sí ọkọ, ó ń bínú sí ẹni tó dá fọ́tòkópì sílẹ̀. Káfíńtà sùn sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn pátápátá, bẹ́ńṣì ò gbà á, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ń fì sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ dìde. Ìwé yẹn, fọ́tòkópì ni mo mú wá. Ojúlówó wà nílé. Ìdí tí wọn ò fi gbà á nìyẹn. Ẹ̀bi mi ni, ẹ má bínú."

Ó la ojú kan. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Mo rí ẹ nígbà tó ò ń tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ Túsìdeè."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Ta ni mo jẹ́ tí màá fi bá akọ̀wé jiyàn lórí fáìlì?" Ó dìde jókòó, ó ń pa eruku pákó dànù lára ṣẹ́ẹ̀tì. "Nígbà tá a sì dé ibodè, ojú ẹ ti le jù. Mo ní kí n kúkú kan bẹ́ńṣì. Ẹ̀gbọ́n ẹ ń retí ẹ."

Kò mọ̀ bóyá kí òun gbá a létí ni àbí kí òun dì mọ́ ọn. Kò sí àyè fún ìkankan. Ó sáré gun àtẹ̀gùn padà, èémí ò délẹ̀ mọ́, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Mo ti sọ fún un," ó ní. "Ó ti mọ̀ láti Túsìdeè. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa fọ̀rọ̀ gún un lára fún odindi ọjọ́ méjì."

"Ọjọ́ méjì péré?" ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní, ó sì buwọ́lu ìwé náà.